Kí ló dé tí h-index (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí àwọn míì ṣe ń tọ́ka sí iṣẹ́ ẹnì kan) olùwádìí mídíà àti òṣèlú kan fi ga lórí Google Scholar ju ti Scopus lọ?

Kò sí èyí tó ń parọ́ nínú ibi ìṣàwárí iṣẹ́ ìwádìí méjèèjì yìí o, ohun tí wọ́n ń kà ni ò dọ́gba. H-index tí Jorge Hirsch gbé jáde ní 2005, tẹ́ni kan bá ní iṣẹ́ 20 tí wọ́n ti tọ́ka sí ìkọ̀ọ̀kan wọn ó kéré tán nígbà 20, 20 ni h-index ẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ Scopus, jọ́nàlì ló kún inú ẹ̀, ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí mídíà àti òṣèlú máa ń kọ̀wé gan-an, Google Scholar ní tiẹ̀ ń kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, títí kan tíísìsì àti ríípọ́ọ̀tù (nígbà míì ó tiẹ̀ máa ń ka nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì).

Tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní wo h-index nìkan. Àpilẹ̀kọ tí McCombs àti Shaw kọ ní 1972 lórí agenda-setting (bí mídíà ṣe ń pinnu ohun táwọn aráàlú ń kà sí pàtàkì), ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni wọ́n ti tọ́ka sí i, síbẹ̀ kò lè fi ju ẹyọ kan lọ kún h-index ẹni tó kọ ọ́. Ẹ wo iye tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, kẹ́ẹ sì fi wé tàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ẹ má fi wé tàwọn tó ń ṣèwádìí ìṣègùn.