Wáráńtì Àfikún àti Àtúnṣe Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá kí ẹ ra wáráńtì àfikún, ìyẹn àdéhùn pé ilé-iṣẹ́ kan yóò máa san owó àtúnṣe ọkọ̀ yín, nítorí pé èyí tó bá ọkọ̀ yín wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti parí, tí ẹ sì sọ pé ẹni tó ń tà á fi dá yín lójú lórí fóònù pé gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìyẹn àwọn ohun tó gbé ọkọ̀ dúró lórí táyà, ló wà nínú rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan. Irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n bá èmi náà sọ, mo sì gbà á gbọ́. Ọdún méjì ni mo fi san owó wáráńtì náà lóṣooṣù kí ọ̀rọ̀ àtúnṣe tó dé, ọjọ́ tí ó sì dé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ka ìwé àdéhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọkọ̀ mi ìgbà náà kì í lo sípíríìngì onírin. Àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi rọ́bà ṣe ló gbé e dúró, kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ kékeré kan ló sì máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àwọn àpò náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ lápá òsì ti rẹlẹ̀ ju apá ọ̀tún lọ. Nígbà tí mo ṣíná sí i, ó gbéra padà, mo sì bá ìrìn mi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò mọ̀ pé rọ́bà àpò náà ti sán, pé afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀, àti pé kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́ láìsinmi kí ó lè fi afẹ́fẹ́ mìíràn rọ́pò èyí tó ń jò, títí ó fi gbóná kọjá agbára rẹ̀, tí ó sì jóná. Kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ wà lára ohun tí ìwé mi kà sílẹ̀ pé wọn yóò tún ṣe, síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ wáráńtì kò san owó kankan. Wọ́n ní àpò rọ́bà jẹ́ ohun tó ń gbó, àdéhùn sì ti yọ ohun tó ń gbó sílẹ̀, nítorí náà ohunkóhun tí àpò náà bá bà jẹ́ ti bá a lọ. Wọ́n tún ní mo rí àmì pé nǹkan ń ṣe ọkọ̀, mo sì ń wà á kiri. Nígbà tí mo wo ìwé, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí di òní, nítorí ká ní mo gbé ọkọ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, owó àpò kan ṣoṣo ni ǹ bá san.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò rí bíi ti ẹ́ńjìnnì tàbí gíà lábẹ́ wáráńtì. Púpọ̀ nínú ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kì í ṣẹ́ lójijì, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbó. Òróró á máa jò lára ṣọ́ọ̀kì tó ń dín mímì ọkọ̀ kù, rọ́bà búṣì tó wà níbi tí irin ti so mọ́ irin á sán, awọ rọ́bà tó bo bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì, oríkèé irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, á ya, gírísì á jáde, omi àti iyanrìn á sì wọlé láti máa jẹ irin náà. Nítorí náà, ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣí nínú ìwé ni ojú ewé tí wọ́n ti túmọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ìbàjẹ́. Àwọn kan kọ ọ́ pé ìbàjẹ́ ni kí nǹkan má lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn fi kún un pé, tàbí kí ó ti gbó kọjá ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fi lélẹ̀. Bí àfikún yìí kò bá sí nínú ìwé tí wọ́n fún yín, èmi kò ní ka ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ ohun tí mo rà, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ.

Ẹ tún wò ó bóyá ohun tí wọn yóò tún ṣe ni ìwé náà kà sílẹ̀, tàbí ohun tí wọn kò ní tún ṣe. Èyí kejì ló sàn jù lójú mi, nítorí ohun tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ wọn ti di ẹ̀tọ́ yín, àmọ́ ṣọ́ọ̀kì àti búṣì sábà máa ń wà nínú àkọsílẹ̀ náà.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì ọkọ̀ mi kejì bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo ti gbọ́n. Ìwé tí mo rà fún un ní àfikún nípa gbígbó kọjá ìwọ̀n tí mo sọ lókè yìí. Mo bẹ mẹkáníìkì mi pé kó má tú nǹkan kan títí ilé-iṣẹ́ wáráńtì yóò fi fún wa láṣẹ, nítorí àtúnṣe tí ẹ bá ṣe kí àṣẹ tó jáde, ọrùn yín ni owó rẹ̀ sábà máa ń wà. Ó wọn bí bọ́ọ̀lù náà ṣe ń mì tó, ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ òpin tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ gbà láyè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò kọ pé ó ti gbó lásán. Òótọ́ ni ohun tó kọ, ìwọ̀n tó sì wà nínú rẹ̀ ni aṣojú ilé-iṣẹ́ wáráńtì rí tí kò fi rí nǹkan sọ nígbà tó wá yẹ ọkọ̀ wò. Wọ́n san owó áàmù ìsàlẹ̀, irin tó so táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀, lódindi, nítorí pé bọ́ọ̀lù náà kò ṣe é yọ lára rẹ̀. Àmọ́ èmi ni mo san owó aláìnmẹ́ǹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí bí wọ́n ṣe lè pààrọ̀ áàmù kí wọ́n má tún ẹsẹ̀ táyà tò, mo sì san iye tí àdéhùn ní kí oní-ọkọ̀ kọ́kọ́ mú sílẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó máa san iye yìí nígbàkígbà tí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ, tàbí lórí ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tún ṣe. Ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀ gan-an fún ẹsẹ̀ ọkọ̀, níbi tí nǹkan méjì mẹ́ta ti máa ń gbó pa pọ̀.

Ní ti iwájú ọkọ̀ yín tí ẹ ní ó ti ń dún bí ẹ bá gun gegele, ẹ má ṣe ra wáráńtì pẹ̀lú èrò pé òun ni yóò tún un ṣe. Ohun tó ti bà jẹ́ kí àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé sì ní àkókò ìdúró, irú bí ọjọ́ 30, kí ẹ tó lè béèrè ohunkóhun. Ẹ tún un ṣe lówó ara yín ná, kí mẹkáníìkì kọ ọ́ sílẹ̀ pé abẹ́ ọkọ̀ ti pé, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ pẹ̀lú ti gbogbo ìtọ́jú tí ẹ bá ń ṣe. Bí ẹ bá ti gbé ọkọ̀ náà ga ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, tàbí tí ẹ fi táyà tó tóbi jù sí i, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó sanwó, nítorí wọ́n lè torí rẹ̀ kọ̀ láti san gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ẹsẹ̀. Èyí tí kòtò bá sì ṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìbánigbófò ni.

Bí ọkọ̀ yín bá ń lo sípíríìngì lásán, èmi yóò gbà yín níyànjú pé kí ẹ máa tọ́jú owó oṣooṣù náà pamọ́ fún àtúnṣe. Bí ó bá jẹ́ aláfẹ́fẹ́, tí ìwé náà sì dárúkọ àpò àti kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ pọ̀, ó yẹ ní rírà. Kí ẹ tó pinnu, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi ìwé àdéhùn gan-an ránṣẹ́ sí yín, kì í ṣe ìwé ìpolówó, kí ẹ sì wá iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti dá a padà kí ẹ gba owó yín pé. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni kí ẹ gbé e fún mẹkáníìkì tó mọ abẹ́ ọkọ̀ yín, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ kà á.