Èsì: Ṣé ilẹ̀ tí a ti ná tán ti di tiwa?

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹnu kò sí mílíọ̀nù 3 náírà lórí ilẹ̀ kan n'Íléṣà, ẹ san 300,000 sílẹ̀, àmọ́ onílẹ̀ ti fẹ́ tà á fún ẹlòmíì.

Rìsíìtì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lábẹ́ òfin Property and Conveyancing Law ti 1959, tí Ọ̀ṣun jogún láti Western Region, àdéhùn ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí onílẹ̀ fọwọ́ sí kí ẹ tó lè fi mú un ní kóòtù. Rìsíìtì lè tó fún èyí, bí ó bá dárúkọ ẹ̀yin méjèèjì, ibi tí ilẹ̀ wà àti iye rẹ̀ lápapọ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà: "owó ilẹ̀, 300,000" nìkan ni wọ́n máa ń kọ!

Bí ìwé bá sọ pé "subject to contract", ìyẹn ni pé ó di ìgbà tí ẹ bá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn gan-an, ẹ ṣì ń ná ọjà ni. Kálukú lè yẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá sì ní ẹ gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa pín owó náà san, ẹ ò tíì gbà. Ẹ̀yin lẹ dá àbá tuntun.

Bí ìwé kò bá sí, tí onílẹ̀ sì jẹ́ kí ẹ wọ orí ilẹ̀ náà, tí ẹ ti ń fa fáúndéṣọ̀n, kóòtù ṣì lè gbà yín.

Ṣé ilẹ̀ ẹbí ni? Bí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ sí i, títà náà kò dúró rárá.

Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín kọ̀wé lónìí sí ẹni tí onílẹ̀ fẹ́ tà á fún. Bí ó bá san owó láìmọ̀ nípa yín, tí wọ́n sì ṣe ìwé ilẹ̀ fún un, ó lè borí yín.