Kí ló ń mú kí oníṣòwò gba òṣìṣẹ́ tuntun ní Ilé-Ifẹ̀?

Oníbàárà ni. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ ju ọwọ́ tó wà nílẹ̀ lọ, ọ̀gá á wá ẹlòmíràn kún un. Owó oṣù àti ìmọ̀ iṣẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ní Ifẹ̀, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1961, ló ń gbé púpọ̀ nínú ọjà náà ró: bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wọlé, olóúnjẹ á wá ẹni tí yóò máa bu oúnjẹ, ẹni tó ń tẹ̀wé á sì wá ẹni tí yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyí tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì lọ́dún 2022, tó gba oṣù mẹ́jọ, fi kan ẹni tí kò tilẹ̀ wọ kíláàsì rí, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ìjọba máa rò dáadáa.