Kọ́ọ̀tù ní dandan ni kí n máa gba ìtọ́jú

Ìbéèrè: Mo ti kúrò lọ́sibítù àmọ́ kọ́ọ̀tù ní mo gbọ́dọ̀ máa lo oògùn ọpọlọ kí n sì máa rí dókítà, ó ń ṣe mí bíi ẹlẹ́wọ̀n.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ìtọ́jú ni o, kì í ṣe ìyà, ó sì sábà máa ń lọ́jọ́ tó máa parí, ẹ bi lọ́yà yín kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Tóògùn bá ń mú yín sùn jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ sọ fún dókítà, ó lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù náà wà fẹ́ni tó ń gbàgbé. Kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé pé tẹ́ ò bá ti rí oorun sùn bíi ọjọ́ méjì, kó tètè pe dókítà.