Àìgbóná ara kò sọ pé ọyún inú ẹ̀dọ̀ màmá yín kéré

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ẹ ní àbúrò yín ṣe àìsàn ọyún inú ẹ̀dọ̀ yìí lọ́dún tó kọjá, ó ń gbọ̀n, ara rẹ̀ ń jó, àmọ́ màmá yín tó ti lé ní 70 ọdún kò gbóná rárá. Ẹ wá béèrè bóyá tiwọn fúyẹ́. Ìyẹn ò sọ pé ó fúyẹ́ o. Bí ti àgbà ṣe máa ń wá nìyẹn.

Ara bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Wọn ò gbóná, wọn ò ní inú ń run àwọn. Wọ́n kàn kọ oúnjẹ ni. Àmàlà tí wọ́n fẹ́ràn, wọ́n á fọwọ́ kàn án, wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí. A gbé wọn lọ sí kílíńìkì kan ní Òṣogbo níbí, ọ̀gá tó jókòó síbẹ̀ ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ikùn wọn. Ó ní ọjọ́ orí ni. Ó kọ ibà àti táífọ́ọ̀dù síwèé, wọ́n fa omi sí wọn lára, wọ́n gún abẹ́rẹ́, owó ń lọ. A padà lọ, ó tún kọ fítámì! Ìgbà tí ẹyinjú wọn pọ́n ni mo fárígá pé síkáànù ni mo fẹ́. Òkúta ló dí ọ̀nà òróòro, eéwo ńlá tó kún fún ọyún sì ti wà nínú ẹ̀dọ̀.

Ní ti àgbà, ọ̀nà òróòro ló sábà máa ń ti wá, òkúta tàbí jẹjẹrẹ, kòkòrò bakitéríà tí wọ́n ń pè ní E. coli sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Wẹ́dà kan láti Ọlá-Ìyá wà ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé ti bàbá: eyín rẹ̀ ń pa kẹ̀kẹ̀, èjìká ọ̀tún ń dùn ún. Amoeba, kòkòrò àìfojúrí mìíràn, ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí, torí ọkùnrin tí kò tíì darúgbó nìyẹn máa ń mú jù. Klebsiella, bakitéríà bíi E. coli, ló padà jẹ́. Ọtí wà nínú ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà.

Bí wọ́n bá fẹ́ gún gentamicin, abẹ́rẹ́ áńtíbáyọ́tíìkì tó lè pa kíndìnrín lára, fún màmá, ẹ kọ́kọ́ bèèrè nípa kíndìnrín wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àgbo wá sí wọ́ọ̀dù.

Áńtíbáyọ́tíìkì, kí wọ́n fi ọ̀pá tín-ín-rín fa ọyún náà bó bá tóbi, ẹ ti mọ ìyẹn. Oògùn rẹ̀ sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ẹ má dá a dúró torí pé wọ́n ti ń jẹun. Àpò tí ọyún ń ṣàn sí kò gbọdọ̀ ga ju ara wọn lọ.

Ẹ yẹ ṣúgà wọn wò pẹ̀lú, àtàgbà àtọ̀dọ́ ni ìtọ̀ ṣúgà ń kó sínú èyí. Wọn ò yẹ ti bàbá mi wò títí a fi pariwo.