Ìdí tí búrẹ́dì pẹlẹbẹ fi ń gan, àti bí ewé kò ṣe ní dúdú nínú rẹ̀

Arábìnrin wa kan láti Ọ̀fà béèrè pé kí ló dé tí búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí òun ń ṣe nílé láìfi yíìsì sí i fi ń gan bó bá ti tutù, kí sì ni òun lè ṣe tí efinrin tí òun ń rẹ́ sí i kò fi ní dúdú. Ẹ kú làálàá ilé ìdáná, ìyá wa.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é níhìn-ín ní Ìlọrin, pàápàá nínú oṣù Ramadan, torí kò sí pé à ń dúró kí ìyẹ̀fun wú ká tó rí nǹkan jẹ ní sààrì. Bí búrẹ́dì yìí bá gan, ọ̀pọ̀ á ní fúláwà ni ò dáa, wọ́n á sì máa pààrọ̀ fúláwà kiri. Fúláwà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Iná kékeré ló ń bà á jẹ́. Bí iná bá kéré, búrẹ́dì á pẹ́ lórí páànù kó tó jinná, kó sì tó jinná, omi inú rẹ̀ á ti gbẹ tán. Páànù tó bá gbóná dáadáa kì í gbà ju bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ fún ẹ̀gbẹ́ kìíní, ẹ̀gbẹ́ kejì kì í tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Omi inú rẹ̀ á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, ooru yẹn ló ń gbé e sókè níbi tí kò ti sí yíìsì.

Fún pípò rẹ̀, ife fúláwà méjì (bíi gíráàmù 250), ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, ṣíbí ńlá òróró méjì. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ ra òróró mọ́ fúláwà gbígbẹ kí omi tó dé ibẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ máa ta sí i díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń kọjá ìdajì ife díẹ̀, ṣùgbọ́n lásìkò ọyẹ́ fúláwà á gbẹ, á sì mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ pò ó títí á fi rọ̀ bí ìsàlẹ̀ etí, kí ẹ fi aṣọ tútù tí ẹ fún dáadáa bò ó, kó sinmi fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibẹ̀ yẹn. Gluten, èyí tó wà nínú àlìkámà tó ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun fà bíi rọ́bà, máa ń sún kì bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ó tán: ẹ fi ìgò yí i kó fẹ̀, á tún padà sẹ́yìn. Bó bá sinmi, á jẹ́ kí ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ewé ló kàn. Ẹ fọ efinrin, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ nínú ilé títí ara rẹ̀ á fi gbẹ, ẹ má sá a sóòrùn. Ọ̀bẹ tó mú ni kí ẹ fi rẹ́ ẹ, ẹ má gún un, ẹ má sì máa padà gé e ní àgétúngé. Ewé tí ara rẹ̀ bá fọ́, tí atẹ́gùn kan omi inú rẹ̀, òun ló ń dúdú. Iyọ̀ ò sì gbọdọ̀ bá ewé nìkan nínú abọ́. Ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí efinrin tí ẹ ti rẹ́, kò ní pẹ́ tí omi àwọ̀ ewé á fi dá sí ìsàlẹ̀ abọ́. Omi yẹn náà ló máa ń sọ ìyẹ̀fun di èyí tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́.

Nítorí náà, èmi kì í po ewé tútù mọ́ ìyẹ̀fun rárá. Bó bá ti sinmi tán, mo máa ń gé e sí 8, máa tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹlẹbẹ, máa fi òróró pa á lójú, máa wọ́n efinrin sí i, máa ká a jọ gígùn, máa tún wé e róbótó. Ó di ìgbà tó bá sinmi díẹ̀ kí n tó tún tẹ́ ẹ. Inú ni ewé wà, kì í fara kan páànù, kì í sì í jó. Àlùbọ́sà eléwé náà dára bẹ́ẹ̀, ibi aláwọ̀ ewé rẹ̀ nìkan. Táìmù gbígbẹ ò ní wàhálà ní tiẹ̀, ẹ dà á sínú fúláwà kí omi tó dé. Èmi ò ní fi ewúro sí i, kíkorò rẹ̀ á bo gbogbo adùn yòókù mọ́lẹ̀.

Páànù tó nípọn ni kí ẹ gbé kaná, láìsí òróró. Ẹ wọ́n fúláwà bíńtín sí i. Bó bá pọ́n lójú ẹsẹ̀, ó ti tó. Bó bá dúdú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dín iná kù díẹ̀. Ẹ gbé búrẹ́dì sí i, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ojú rẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn díẹ̀, ìléròrò kéékèèké á máa yọ níbí, á máa yọ lọ́hùn-ún. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ yí i. Ẹ ṣẹ́ aṣọ mímọ́ po, kí ẹ fi tẹ etí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, á wú. Èyí tí a ká ewé sí nínú kì í wú tó èyí tí kò ní ewé, kò sì burú.

Bó ṣe ń ti orí iná bọ́ ni kó máa wọ inú aṣọ, kí aṣọ wà nínú kúlà, kí ẹ sì dé e. Ooru ara wọn á máa rọ ara wọn. Búrẹ́dì tó bá dá dúró sínú àwo lójú atẹ́gùn, kó jinná dáadáa o, á gan.

Ẹni tó bá fẹ́ ti ọkà bàbà, omi híhó ni kó fi pò ó, torí kò ní gluten tí á dì í mú. Omi híhó ló ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ra. Àárín ọ̀rá méjì ni kó ti tẹ́ ẹ, kó nípọn díẹ̀.

Wàrà díndín tí a fi ata gígún sí ni mo fẹ́ràn láti fi jẹ ẹ́, wàrà Ọjà Ìpàtà bí mo bá ráyè débẹ̀. Tó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, ẹ ta omi díẹ̀ sí i lára, kí ẹ fi kan páànù gbígbóná fún ìgbà díẹ̀. Bó bá sì tún gan lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ sọ irú páànù tí ẹ ń lò àti bí iná yín ṣe ń jó fún mi, ibẹ̀ ni màá ti kọ́kọ́ wò ó.