Òsì kò yọ tó ọ̀tún

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ wa pé ọjọ́ mọ́kànlá lónìí. Kò gba ọmú lẹ́nu dáadáa, nítorí náà pọ́ǹpù ni mo fi ń fún un sínú fídà. Ọ̀tún ń yọ tó 80 mílílítà, òsì kì í ju 25 lọ. Ọkọ mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́, màmá mi kò rí fíísà gbà, Ìjerò ni wọ́n ṣì wà. Ṣé òsì ti ń gbẹ ni? Kí ni mo lè ṣe kí méjèèjì dọ́gba? Ìyá ìkókó, Dublin.

Àbúrò mi, o kú ewu ọmọ. Ọlọ́run á dá a sí.

Ìkéré ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí. A wálé láti Kánádà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ń gún iyán lẹ́yìnkùlé, ọmọ mi àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka iye ìgbà tí ọmọ odó ń balẹ̀. Kò sí ohun tí kì í kà. Ọ̀dọ̀ mi ló ti rí i.

Òsì rẹ kò gbẹ. Ọmú kan kì í mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Èyí tí wọ́n bá ń fún kanlẹ̀ ló ń ṣe wàrà mìíràn sí i, èyí tí wọ́n bá ń fi sílẹ̀ a dẹwọ́. Àìmọye abiyamọ ni tiwọn rí bẹ́ẹ̀ tí wọn kò mọ̀, torí nílé, ta ló ń wọ̀n ọ́n? Ọmọ á mu, á sùn. Òkè Olósùnta àti òkè Òròlé pàápàá kò ga bákan náà, a kò sì tìtorí ẹ̀ kó kúrò ní Ìkéré. Ike pọ́ǹpù tí wọ́n fa ìlà sí lára ló ń dá wa lágara. 80 àti 25, 105 ni. Ìkókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọjọ́ mọ́kànlá, 60 sí 90 ló sábà máa ń mu lẹ́ẹ̀kan. Dà á pọ̀ kó o tó sunkún.

Èmi ò dà á pọ̀. Ọmọ tó ń ka odó yìí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà náà. Mo ya fídà ọ̀tún sọ́tọ̀, mo ya ti òsì sọ́tọ̀, mo ń tò wọ́n sínú fíríìjì. Tí mo bá rí ti òsì tó kàn bo ìsàlẹ̀ ike, ojú á tì mí bíi pé àlejò wà níbẹ̀. Ọmọ ń ké. Màmá mi lórí WhatsApp ní kí n fún un lómi, pé omi ni wọ́n fún gbogbo wa, ta ló kú? Mo fún un. Ṣùgbọ́n wọn kò ní kí n da omi mọ́ ọmú o, èmi ni mo gbé ìyẹn dìde. Mo bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kún ti òsì títí ó fi bá ti ọ̀tún dọ́gba. Ó ṣì funfun. Mo ya fọ́tò fídà méjèèjì, mo fi ránṣẹ́ sí ọkọ mi níbi iṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ti ń bu omi sí méjèèjì, kí n lè rí díẹ̀ tọ́jú sí fírísà.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í já pẹ́pẹ́pẹ́, ojú rẹ̀ yí sókè, ara rẹ̀ tutù. Màmá mi ṣì wà lórí fóònù. "Gìrì ni! Gìrì ni!" Wọ́n ń pariwo pe ará ilé. Nílé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: omi ti pọ̀ jù lára rẹ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀, kíndìnrín ìkókó kò sì tíì lágbára láti tu irú omi bẹ́ẹ̀ dànù. Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni mò ń fún un. Mo ní ọmú nìkan. Ó tún bi mí, mo tún ní ọmú nìkan. Ọkọ mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fọ́tò yẹn wà nínú fóònù rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ìgbà kẹta ni mo tó jẹ́wọ́.

Dókítà ní kò fi nǹkan kan sílẹ̀ lára rẹ̀. Mo gbọ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó mọ ìṣirò ju èmi lọ. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, tí tíṣà bá sì kọ̀wé pé ojú fèrèsé ló ń wò ṣáá, omi yẹn ni mo máa ń rántí. Torí pípẹ́ yẹn náà ni ẹnìkan fi gbà wá nímọ̀ràn pé ká má sọ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ sí i, a sì gbà. Má bá mi wí. Ẹni tí ẹ̀rù ọmọ ń bà, ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe ló ń ṣe. Lánàá ìyá àgbà rẹ̀ ní kó bọ́ sínú "ulé", ó wá bi mí pé ta ni ń jẹ́ Ulé.

Ó dáa, pọ́ǹpù. Òsì ni kó o máa kọ́kọ́ fún, kó tó rẹ̀ ọ́. Tí wàrà bá dá, má tíì pa pọ́ǹpù, jẹ́ kó máa fà fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, kí ara mọ̀ pé wọ́n ṣì ń bèèrè. Wo ike tó ń bo orí ọmú: èyí tó bá ọ̀tún mu lè má gba òsì, oṣù méjì ni mo lò kí n tó mọ tèmi. Má fo ti òru, ìgbà yẹn sí ìdájí ló máa ń pọ̀ jù. Má sì torí òsì fìyà jẹ ọ̀tún, tí wọn ò bá fún un á le bí òkúta. Tó bá wá pọ́n, tó ń gbóná, tí ibà dé, ilé ìwòsàn tààrà. Ìlédìí ni kó o máa kà. Bó bá ń tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́, tí òṣùwọ̀n sì ń gòkè, ó ń yó. Kí agbẹ̀bí sì wo ẹnu ọmọ náà, ìdí tí kò fi gba ọmú lẹ́nu jẹ mí lógún ju òsì rẹ lọ. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa fírísà, ó ti bọ́ lọ́kàn mi.

Omi, rárá. Ó di oṣù mẹ́fà. Tí màmá rẹ bá bínú ní Ìjerò, kí wọ́n bínú. Èmi ò tíì sọ fún màmá mi títí dòní pé omi ni. Òtútù Kánádà ni wọ́n rò pé ó fà á. Láàárọ̀ yìí wọ́n tún bi mí bóyá gìrì yẹn ti padà wá rí.

Iyán ti kúnná. Ọmọ náà wọlé, ó ní 212. Mo ní kó lọ sọ fún ìyá àgbà. Ó dúró, ó ń wò mí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Èmi náà ronú díẹ̀ kí n tó rántí: igba ó lé méjìlá.